Ẹni Tó Ń Dúró Lẹ́yìn Èjìká Òsì Mi

Òórùn irun tó ń jóná ló máa ń kọ́kọ́ dé. Kò sí iná nítòsí, kò sí ẹni tó ń sun orí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n òórùn náà á gba imú mi wọlé, á sì kún inú orí mi. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá ń wò á di ohun tí mo ti rí rí: ògiri, ife omi tó wà lórí tábìlì, obìnrin tó ń gbálẹ̀ lójú ọ̀nà, àní ọ̀rọ̀ tí ẹni tó wà níwájú mi kò tíì sọ. Nígbà náà ni ẹnìkan á wá dúró lẹ́yìn èjìká òsì mi. N kò rí i rí. Mo kàn máa ń mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni, bí èèyàn ṣe ń mọ̀ pé ẹnìkan wọ yàrá bó tilẹ̀ di ojú rẹ̀. Ó fẹ́ pe orúkọ mi. Á mí sínú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi náà á sì máa retí rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù kan tí n kò mọ irú rẹ̀ níbòmíràn. Kó tó pè mí, ayé á ṣú. Bí mo bá padà dé, mo lè rí i pé mo ti dìde dúró, pé ife omi náà ti wà lọ́wọ́ mi, tí ẹni tó wà níwájú mi á sì máa bi mí pé kí ló dé tí n kò dá òun lóhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ní Port-Bouët, lẹ́bàá òkun ní Abidjan, níbi tí àwọn òbí mi tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n ti Nàìjíríà dé. Ìyá mi nìkan ni mo sọ fún. Ó wò mí títí, ó ní, "Má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá sì pè ọ́, má dá a lóhùn." Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́ títí tó fi kú. Mo pa àṣẹ rẹ̀ mọ́ fún ọdún mọ́kànlá, mo sì rò pé ọgbọ́n ni mo ń gbọ́n.

Nígbà tí mo di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Vridi, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn ará ilé wọn ti ń gba ìtọ́jú. Iṣẹ́ mi ni láti kọ orúkọ aláìsàn sínú fíìsì, ìyẹn káàdì tí wọ́n ń kọ ìtàn àìsàn oníkálukú sí, kí n sì máa túmọ̀ èdè. Mo gbọ́ Faransé torí pé mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wọn, mo gbọ́ Yorùbá ilé wa, mo sì gbọ́ Júlà tí wọ́n ń sọ lọ́jà. Nǹkan wọ̀nyí mú kí orí mi wú. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo máa ń wọ̀, bírò méjì ni mo sì máa ń fi há àpò àyà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá wá láìgbọ́ Faransé, ẹnu mi ló ń gbà bá dókítà sọ̀rọ̀. Mo rò pé agbára ńlá nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹrù ni.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí àwa ará Abidjan ń pè ní jéédì, dókítà kan máa ń wá láti ilé ìwòsàn ńlá. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, ó kàwé lókè òkun, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Àrùn inú ọpọlọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń wá bá a ti fún àìsàn wọn lórúkọ kí wọ́n tó kúrò nílé. Yorùbá á ní wárápá ni. Àwọn Júlà á ní kirikirimasiẹ́n. Ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ bá gbóná tó sì ń gan, ìyá rẹ̀ á ní gìrì ni. Ẹni tó bá ń wo ọ̀ọ́kán tí kò dáhùn, wọ́n á ní ọdẹ orí ni, tàbí wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀mí kan ló ń bá a gbé. Dókítà á gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, á sì sọ fún mi pé, "Wọn ò tíì sọ ohun tí mo ń wá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣubú. Bi wọ́n léèrè ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ èbúté kan ṣubú lulẹ̀ ní àgbàlá wa níbi tó ti ń retí kí wọ́n pe òun. Ó ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ara rẹ̀ gan bí igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbogbo èèyàn sá. Wọ́n ní bí itọ́ rẹ̀ bá kan ni, àìsàn náà á ràn ni. Èmi tí mo ní bírò méjì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti ń yọjú. Dókítà nìkan ló kúnlẹ̀ tì í. Ó ká aṣọ funfun rẹ̀ sábẹ́ orí ọkùnrin náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, nígbà tí gbígbọ̀n náà sì rọlẹ̀, ó rọra yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Kò fi nǹkan kan há a lẹ́nu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pè mí, ó ya igi ẹlẹ́ka méjì sẹ́yìn ìwé kan. Ó ní ẹ̀ka kan wà fún ìjì tó ń mú gbogbo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lára rẹ̀ ni èyí tó gbé ọkùnrin àárọ̀ yẹn ṣánlẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní garan màálì, àìsàn ńlá. Lára rẹ̀ náà ni pẹtí màálì, àìsàn kékeré, tó sábà máa ń mú ọmọdé: ọmọ á dákẹ́ lójijì, á tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ka kejì ni ti ìjì tó ń bẹ̀rẹ̀ ní igun kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ igun tó ń darí ọwọ́, ọwọ́ nìkan lè máa jó, kí onítọ̀hún máa wò ó. Nígbà mìíràn, igun òórùn ni, tàbí igun ìrántí, tàbí ti ìbẹ̀rù.

"Nígbà náà," dókítà wí, "èèyàn lè gbóòórùn ohun tí kò sí. Ó lè dé ibi tí kò dé rí kó dà bí ilé baba rẹ̀. Iyè rẹ̀ lè kúrò níbẹ̀ pátápátá, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa ṣiṣẹ́ lọ láìsí òun. Ìjì igun náà sì lè tàn ká, kó wá gbé e ṣubú bíi ti àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń béèrè ìbẹ̀rẹ̀. Oògùn tó ń ran ẹ̀ka kan lọ́wọ́ lè má ran èkejì."

Mo ń mi orí bí akẹ́kọ̀ọ́ rere.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ní àfẹ́sọ́nà, ọmọ alàgbà kan nínú ìjọ wa. Oṣù tó ṣáájú ni àwọn ẹbí mi lọ tọrọ rẹ̀, baba rẹ̀ sì béèrè ohun tí àwọn àgbà máa ń béèrè: "Ṣé kò sí wárápá, kò sí ẹ̀tẹ̀, kò sí wèrè nínú ìdílé yín?" Àbúrò baba mi dáhùn pé kò sí. Òtítọ́ tó mọ̀ ló sọ. Èmi tí mo jókòó tì í, ẹní tó wà nílẹ̀ ni mo ń wò.

Jéédì kan nígbà òjò ni obìnrin kan dé. Yóò tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Aṣọ ló ń fọ̀ tó sì ń lọ̀ nílé àwọn òyìnbó kan ní Biétry, lẹ́bàá ọ̀sà. Mo mọ̀ ọ́n lójú, torí ìjọ rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa. Àwọn ará ibẹ̀ gbà pé aríran ni, iwájú ni wọ́n sì máa ń fi í jókòó sí, nítorí pé bó bá ń gbàdúrà, á dákẹ́ lójijì, ojú rẹ̀ á ranjú, á máa jẹ ẹnu lófìfo, á máa fa etí aṣọ rẹ̀. Bó bá padà dé, wọ́n á bi í pé kí ló rí. Ó ní òun kì í mọ ohun tí òun lè sọ fún wọn.

Dókítà ní kí n bi í bóyá nǹkan kan máa ń ṣáájú rẹ̀.

"Òórùn ni, àbúrò," obìnrin náà dá mi lóhùn. "Àgbàdo tó jóná. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan á dà bí ohun tí mo ti rí rí. Ẹnìkan á wá dúró lẹ́yìn mi, níhìn-ín." Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó sì fi kan èjìká òsì rẹ̀. "Ó fẹ́ pe orúkọ mi. Á mí sínú, ṣùgbọ́n kò tíì pè é rí."

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Mo rántí pé mo gbójú sókè, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé mo lè bá ẹni náà níbẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá, n kò sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fún ẹlòmíràn. Àlejò ló wá ń kà wọ́n sí mi létí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú mímí náà.

"Kí ló sọ?" dókítà béèrè.

"Ó ní òòyì máa ń kọ́ òun díẹ̀."

"Kò gbóòórùn nǹkan kan?"

"Rárá, dókítà."

Ó fa ojú ro. Ó ní pẹtí màálì kò wọ́pọ̀ lára àgbà. Ó ní kí n bi í dáadáa, bóyá ó ń rí nǹkan, tàbí kó máa gbọ́ nǹkan, tàbí kí ẹ̀rù máa bà á láìnídìí. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo bi í bóyá ó ń sùn dáadáa. Ó ní òun ń sùn. Mo yíjú padà, mo ní, "Rárá, dókítà."

Bí mo bá sọ ohun tó sọ, mo rò pé dókítà á rí i lójú mi pé tèmi náà ni. Mo rò pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ti wọ Faransé, ó ti di ohun tó wà láyé nìyẹn. Dókítà kọ pẹtí màálì sínú fíìsì, ó fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọ oògùn fún un. Nígbà tí mo ń sin obìnrin náà jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àbúrò, ọ̀rọ̀ mi gùn ju èyí tó o sọ fún un lọ."

"Táńtí," mo ní, "Faransé ló kúrú ju Yorùbá lọ."

Mo rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo sọ yẹn. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi gbà pé ti ọ̀rọ̀ tí a sọ ni wọ́n ń wí. N kò mọ̀ pé èyí tí a gbé mì náà lè fọ́. Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí obìnrin náà tó padà wá. Ó fi báńdéèjì di ọwọ́ òsì rẹ̀ láti ìka dé ọrùn ọwọ́. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní òun ń mu oògùn náà láìpa ọjọ́ kan jẹ, nǹkan náà kò sì yé wá. Lọ́sàn-án kan, ó ń fi áyọ́ọ̀nù iná mànàmáná lọ aṣọ ibùsùn nínú ilé tó ti ń ṣiṣẹ́, ẹni yẹn sì dé.

"Nígbà tí mo padà, mo gbọ́ òórùn," ó wí. "Mo rò pé èyí tí mo máa ń gbọ́ ni. Mo dúró kó kọjá lọ. Kò kọjá. Mo bá wo ilẹ̀. Áyọ́ọ̀nù wà lórí ọwọ́ mi, èmi gan-an ni mo ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń fà á lọ, mo ń fà á bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń lọ aṣọ."

Dókítà tẹ̀ síwájú lórí àga. "Kí ló ń sọ? Túmọ̀."

Mo la ẹnu. Bí Ọlọ́run bá bi mí lónìí ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà, n kò lè búra pé òtítọ́ ni. Irun tó ń jóná ni mo gbọ́. Tábìlì, báńdéèjì, gègé dókítà, gbogbo wọn ni mo ti rí rí, ní yàrá kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ó dé sẹ́yìn èjìká mi. Ó súnmọ́ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó mí sínú.

Nígbà tí mo padà dé, orí ìjókòó aláìsàn ni mo wà, mo yí orí sí èjìká òsì mi, mo sì ń fa etí ṣẹ́ẹ̀tì mi. Obìnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́kù di ọwọ́ mi mú. Mo gbọ́ tó ń fi Faransé ilé ìdáná sọ fún dókítà pé, "Lui aussi. C'est pareil." Òun náà. Bákan náà ni. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ mọ́ mi, ó sì fi Yorùbá bi mí, jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bi aláìsàn bóyá ó ti jẹun:

"Ṣé ó pe orúkọ rẹ?"

"Kò pè é, Táńtí."

"Kì í pè é," ó wí.

Mo bú sẹ́kún. Mo wá yíjú sí dókítà, mo sì túmọ̀. Mo sọ ti àgbàdo tó jóná, mo sọ ti irun tó jóná. Mo sọ ti ẹni tó wà lẹ́yìn èjìká. Mo sọ ohun tí mo bi obìnrin náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ dípò ohun tí wọ́n ní kí n bi í. Nígbà tí mo parí Faransé, mo tún gbogbo rẹ̀ sọ ní Yorùbá kí obìnrin náà lè gbọ́ ọ, torí tirẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀ nígbà tí mo dé ibi àwọn rárá yẹn. Dókítà kò pariwo. Ó fa ìlà gba orí pẹtí màálì, ó sì mú fíìsì tuntun jáde. Méjì ni.

Ó mú àwa méjèèjì lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, níbi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ wa lórí, tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kan sì ń fa ìlà yínkì sórí ìwé. Lójú mi, ìlà tèmi àti tirẹ̀ jọra bí ìbejì. Dókítà fi gègé tọ́ ibì kan nínú wọn, ó ní igun kan náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lókè etí ọ̀tún. Mo bi í pé ta ni ẹni náà. Ó ní òun ti gbọ́ ti ẹni náà lẹ́nu àwọn tí kò mọ ara wọn rí. "Ìwọ ni," ó wí. "Fún ìṣẹ́jú kan, ọpọlọ rẹ ń ka ara rẹ sí ẹlòmíràn." Ó sọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ká ní iwin ló pè é, ẹ̀rù rẹ̀ ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀.

Oògùn mìíràn ni wọ́n fún wa. Lára obìnrin náà, nǹkan náà dín kù títí ó fi di ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Tèmi pẹ́ díẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ bá baba àfẹ́sọ́nà mi. Ó gbọ́ mi títí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dá ohun ìdána padà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Mo ṣọ̀fọ̀ ọmọbìnrin náà. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ ẹni tó mọ ibi tí oògùn mi wà kó tó mọ ibi tí bàtà mi wà. Ní ti iṣẹ́, dókítà ní kí n má túmọ̀ fún ẹnikẹ́ni fún oṣù mẹ́fà. Fíìsì ni mo ń to. Ó tọ́ sí mi.

Ìka méjì lọ́wọ́ obìnrin náà kò tún nà mọ́. Kò lè lọ aṣọ mọ́, àwọn òyìnbó Biétry sì gba ẹlòmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì àti kọfí fún àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfúrufú. Nínú ìjọ, nígbà tí ojú rẹ̀ kò ranjú mọ́, wọ́n rọra sún un sẹ́yìn, ìjókòó kan lẹ́yìn òmíràn. Mo bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní, "Ẹ̀yìn dára, àbúrò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀."

Ní nǹkan bí ọdún 1979 ni mo tó ní ìgboyà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ń fi ọwọ́ tó dára gé búrẹ́dì, ó fi èyí tó ká kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gé e tán kó tó dáhùn.

"Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé o kò túmọ̀ tán," ó wí. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló tì ọ́ lójú. Ọwọ́ mi kò ní padà, n kò sì ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ tó mú ọ níwájú mi yẹn, èmi nìkan ni mo rò pé ó ń dúró tì."

Ó ti di olóògbé báyìí. Dókítà náà ti kú, ibi tí ilé ìwòsàn wa wà sì ti di ibi ìkẹ́rùsí. Wọ́n ti tún àwọn àìsàn náà pín, wọ́n sì ti pààrọ̀ orúkọ wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fún mi ní oògùn lónìí kò mọ garan màálì mọ́, bí mo bá pe pẹtí màálì, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ èdè baba ńlá rẹ̀. N kò bá wọn jà. Mo túmọ̀ fún èèyàn fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ní kí n sọ. Ṣùgbọ́n rárá méjì yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ohùn tí mo fi sọ wọ́n. Kò gbọ̀n rárá. Ohùn tó dùn ni, tó mọ́ gaara, ohùn ọmọ tó kàwé.